Agogo Yàrá Àwọn Ọmọ Tí Oṣù Wọn Ò Pé

Ọjọ́ Ajé, 2 Òkúdù

Ọ̀gá pè mí wọlé láàárọ̀, ó ní kí n jókòó. Nígbà tí Ọ̀gá bá ti ní kí èèyàn jókòó, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀. Ó ní ilé ìwòsàn ńlá ti gbà fún wa. A ó gbé ojú kọ̀ǹpútà ńlá kan kọ́ sára ògiri yàrá àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé, tí yóò máa fi ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn hàn pa pọ̀, tí agogo yóò sì dún bí ti ọmọ kan bá lọ sílẹ̀. Lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ń ké fúnra rẹ̀, ohùn wọn kò sì ju ti ẹ̀fọn lọ. Ó ní èmi ni mo máa kọ ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Mo ní mo ti gbọ́. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ètò ìtajà ni mo ti ń kọ láti ọjọ́ yìí wá, ètò ilé ẹ̀kọ́, ètò àwọn tó ń ta táyà. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá kú, oníṣòwò á bínú, á pè mí ní orúkọ tí bàbá mi ò sọ mí, ó tán. Mi ò tíì kọ ohun tó ń ṣọ́ èémí rí.

Òjò ò rọ̀, ooru ò jẹ́ ká gbádùn. Epo mọ́tò tún ti gbówó lórí. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé.

Ọjọ́bọ̀, 5 Òkúdù

Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ẹsẹ̀ yìí fi èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní C kọ ètò inú rẹ̀, wọ́n dì í pa, wọ́n wá fún wa ní bébà méjì pé àlàyé nìyẹn. Èdè wa tó rọrùn ni èmi fi ń kọ tèmi, èyí tí a fi ń kọ nǹkan kíákíá. Àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ bára wọn sọ̀rọ̀. C ò ní kí n máa wá béèrè lọ́wọ́ òun. Ó ní kí n kọ iṣẹ́ kan kalẹ̀ lọ́dọ̀ mi, kí n fún òun ní àdírẹ́sì rẹ̀. Ìgbàkigbà tí ìròyìn bá ti dé láti ẹsẹ̀ ọmọ, òun á pè é. Ìpèpadà la ń pè é ní ọ́fíìsì. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀ fún aládùúgbò, pé bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, kó pe òun.

C kì í sì í gba àṣìsọ. Gbogbo ohun tó bá máa gbé wá, àfi kí n ti sọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Mo ní odidi nọ́ńbà ló máa gbé wá, àṣé nọ́ńbà tó ní ààbọ̀ tàbí ìdá lẹ́yìn ló ń gbé bọ̀. Mo ki ìka bọ inú ẹ̀rọ, ọ́síjìn mi di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ọmọkùnrin tó jókòó kọjú sí mi, tí a ń pè ní Afínjú nítorí pé àràárọ̀ ló ń fi sípírítì nu bọ́tìnì kọ̀ǹpútà rẹ̀, ní kí n rọra o, kí n má lọ fò jáde lójú fèrèsé bíi bàlúùnù.

Kí oòrùn tó wọ̀, mo tún un ṣe. Mo ki ìka bọ̀ ọ́, ó ní méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Mo yọ ìka, agogo dún. Mo jó díẹ̀ lórí ìjókòó mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Òkúdù

Ìgbálẹ̀. Gbogbo ọ̀sán Ẹtì ni Ọ̀gá ń ní kí a pààrọ̀ kóòdù, àwọn ìlà ètò tí kálukú kọ, kí ẹnì kan gbálẹ̀ fún ẹnì kejì, kí a yọ gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni ò lò dànù. Ọkùnrin kan ló fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà kan, tó fi pàǹtírí kún ilé fún wa, ìgbà yẹn ni òfin yìí ti dé. Afínjú ló gba tèmi. N ò tíì mu tíì mi tán tó fi dá a padà, ó ní ilé mi ti mọ́, kí n máa gbé e lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tún ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, agogo dún.

Ọjọ́ Ajé, 9 Òkúdù

A ti gbé e kọ́ ní ilé ìwòsàn. Yàrá náà móoru, ó ń rùn sípírítì, ẹnu ọ̀nà lèèyàn ti ń bọ́ bàtà. Àwọn ọmọ wà nínú àpótí onígíláàsì, ìlà méjì, fìlà híhun lórí wọn. Ọmọ mìíràn wà níbẹ̀ tí orí rẹ̀ ò ju ọsàn lọ. Mi ò lè wò wọ́n pẹ́.

Olórí àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Wọ́ọ̀dù, kúrú, ó wọ bàtà kánfáàsì, ojú rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un, ó gbé ọwọ́ sókè. "Má sọ fún mi pé ó ń ṣiṣẹ́. Jẹ́ kí n rí i." Ó yọ ẹ̀rọ lẹ́sẹ̀ ọmọ kan fúnra rẹ̀. Agogo dún, nọ́ọ̀sì kan sáré wọlé láti yàrá kejì. Ó bi mí pé bí iná bá lọ ńkọ́, mo fi bátìrì hàn án. Ó ní nọ́ọ̀sì mẹ́ta lòun ní, wọn á sì máa rìn yípo wo àwọn ọmọ náà bí wọ́n ti ń ṣe. Tó bá tẹ́ òun lọ́rùn, òun á yọ̀ǹda ẹnì kan fún yàrá ìgbẹ̀bí tó ń bẹ òun. Mo ní kí wọ́n má kánjú, ẹ jọ̀ọ́ mà.

Tẹlifíṣọ̀n ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é. Ọ̀kan bi mí bóyá ó máa ń gbé fíìmù jáde.

Ọjọ́rú, 11 Òkúdù

Àbúrò mi pè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, orí ń fọ́ ọ, ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Oyún náà ò tíì pé oṣù méje ààbọ̀. Mo ní kó dìde kíákíá. Ọkọ rẹ̀, káfíńtà, fi tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ méjì sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n dá a dúró, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru kọjá ààlà.

Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń wá oyún yìí. Ó pẹ́ gan-an. Ọlọ́run, ẹ jọ̀ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Òkúdù

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún un. Obìnrin ni ọmọ. Ó ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ọmọ ológbò, ó dákẹ́, wọ́n gbé e sáré kọjá lójú èmi àti bàbá rẹ̀. Àbúrò mi wà láàyè.

Àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni wọ́n gbé ọmọ náà sí. Mo tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà, mo gbójú sókè, orí ògiri ni mo ti rí i: Bẹ́ẹ̀dì Kẹfà, àádọ́rùn-ún. Ètò mi ló ń ka èémí ọmọ àbúrò mi fún mi. Mo di férémù ilẹ̀kùn mú. Bàbá ọmọ bi mí pé ṣé kò sí o. Mo ní kò sí.

Ẹ̀rù ń bà mí. Gbogbo ìlà tí mo kọ ń padà wá sí mi lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò sì rántí bí mo ṣe kọ ìdajì wọn.

Ọjọ́ Ajé, 16 Òkúdù

Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn ti àbúrò mi wá rí ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà hunjọ, ó fajú ro bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní Ìyá Àgbà lójú ẹsẹ̀. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ó di ibi tí wọ́n là níkùn mú, ó ní kí wọ́n má fi ẹ̀rín pa òun.

Òjò rọ̀ lónìí, àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Òkúdù

Ó kú.

Kì í ṣe ọmọ. Ètò ni. Mo rí ohun tí mo kọ sókè yìí, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ dáadáa. Lọ́sàn-án yìí, nọ́ọ̀sì pè pé tẹlifíṣọ̀n ò yí nọ́ńbà padà mọ́. Mo sáré lọ. Apá kan ètò mi ń gba ìròyìn lọ́wọ́ C, apá kejì ń kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n. Apá àkọ́kọ́ ti ṣubú lulẹ̀ gbalaja. Ìlà kan ṣoṣo ló kọ sílẹ̀ kó tó kú, pé òun ti tẹ ibi tí kò yẹ kí òun tẹ̀. Mo tan án padà, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kò sí ọmọ tí nǹkan ṣe.

Mo dúró tì í títí ilẹ̀ fi ṣú kí n tó lọ sílé.

Ọjọ́bọ̀, 19 Òkúdù

Mi ò ṣe nǹkan mìíràn láti àná. Ìka wọlé, ìka jáde, agogo dún. Ìka wọlé, ìka jáde, agogo dún. Kò kú lọ́dọ̀ wa. Ohun tó bá ń kú níwájú èèyàn, èèyàn á lè mú un. Èyí tó jẹ́ pé ẹ̀yìn èèyàn ló ń kú, kí la fẹ́ ṣe fún un? Ọ̀gá ní iná ilé ìwòsàn ni, iná wọn ò dúró déédéé. Afínjú náà ní iná ni. Wọ́n gbé bátìrì tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ síbẹ̀. Ó wù mí kó jẹ́ iná.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Òkúdù

Kì í ṣe iná.

Mo wà ní ẹsẹ̀ àpótí Ìyá Àgbà ní àárọ̀. Nọ́ọ̀sì kan gbé ọmọ Bẹ́ẹ̀dì Kẹta jáde kó lọ wọ̀n ọ́n, ó yọ ẹ̀rọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo ń retí kí agogo dún, kí nọ́ọ̀sì tẹ bọ́tìnì pa á bí wọ́n ti ń ṣe. Agogo ò dún. Mo gbójú sókè. Bẹ́ẹ̀dì Kẹta, mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, àwọ̀ ewé, dáadáa. Àpótí náà ṣófo. Ó ṣófo, ètò mi sì ń sọ fún wa pé ó ń mí.

Mo yíjú sí Bẹ́ẹ̀dì Kẹfà. Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Láti ìgbà wo? Mi ò mọ̀. Mo lẹ ojú mọ́ gíláàsì, mo ń wá àyà rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò, omi ojú ò jẹ́ kí n rí i. Nígbà tí mo rí i, mo sáré lọ tan ètò náà padà.

Ọ̀gá ní kí n má tíì sọ fún ilé ìwòsàn, kí a tún un ṣe ní ìdákẹ́jẹ́. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo lọ bá Ìyá Wọ́ọ̀dù, mo ní kí wọ́n má gbára lé e rárá, bí ètò náà bá kú, ojú rẹ̀ á ṣì máa rẹ́rìn-ín sí wọn. Ó ní òun ò gbára lé ohunkóhun rí, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, àwọn nọ́ọ̀sì òun ò tíì dẹ́kun rírìn. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ ẹsẹ̀ yẹn, bí wọ́n bá ké, wọn kì í gbọ́. Ó ní kí n fi tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, nọ́ọ̀sì kan á máa jókòó tì í. Ó wá ní, "Lọ wá a. O máa rí i." Ìyẹn ló tún dẹ́rù bà mí jù.

Ọjọ́ Àìkú, 22 Òkúdù

Wọ́n ti dá àbúrò mi sílẹ̀ ní bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, ó ń sùn sí yàrá àwọn ìyá ọlọ́mọ. Ara rẹ̀ ti ń padà. Mo gbé oúnjẹ lọ fún un, ó jẹ ẹ́ tán. Ó ní àwọn ìyá yòókù kì í sùn, wọ́n á máa dìde lọ yọjú wo ọmọ wọn lójú gíláàsì. Ó ní òun kì í dìde. "Àǹtí mi, mo sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n mi ló kọ ohun tó ń ṣọ́ wọn. Mo máa ń sùn bí òkúta."

Mo ń palẹ̀ àwo mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Òkúdù

Mo sọ fún un.

Ìta, lórí bẹ́ǹṣì níwájú yàrá àwọn ìyá, ni mo ti sọ ọ́. Mo ní ètò mi ti kú lẹ́ẹ̀mejì tí ọmọ wà lábẹ́ rẹ̀, mi ò tíì mọ ohun tó ń pa á, nọ́ọ̀sì ń ṣọ́ wọn o, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀. Kò bú mi. Ì bá kúkú bú mi.

"Láti ọjọ́ wo?" ó ní.

Mo sọ ọjọ́ náà.

"Ẹ sì jẹ́ kí n máa sùn."

Ó dìde, ó rọra ń di ikùn rẹ̀ mú, ó lọ sí yàrá àwọn ọmọ. Ìgbà tí mo máa tẹ̀ lé e dé ibẹ̀, ó ti wọ́ àga rọ́bà kan dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ti ki ọwọ́ bọ ihò àpótí, ó gbé ìka méjì lé àyà ọmọ. Kò wo ibi tí mo wà. Nọ́ọ̀sì ní kó lọ sinmi, ó ní òun ò lọ. Mo jókòó sínú mọ́tò èrò, mo sunkún, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí mi kú ọ̀fọ̀. Mo ní kì í ṣe ọ̀fọ̀, ẹ ṣé mà.

Ọjọ́rú, 25 Òkúdù

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Mo pe Ìyá Wọ́ọ̀dù láàárọ̀, mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù kí ètò tó kú lọ́jọ́ méjèèjì. Ó wádìí. Ó ní ọmọ tuntun wọlé. Ìbejì ni ti Ìṣẹ́gun, ọmọ kan ni ti Ẹtì.

Ọmọ tuntun. Iṣẹ́ pọ̀ sí i, inú kọ̀ǹpútà kún. Bí inú bá sì kún, agbálẹ̀ á dìde. Èdè wa ní agbálẹ̀ tirẹ̀ tó ń rìn káàkiri. Ohunkóhun tí kò bá ti sí orúkọ tó dì í mú, á gbá a dànù kí ààyè lè wà. Ní ọ́fíìsì, ìka mi nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí ohun tó máa jí agbálẹ̀. Mo ki ìka bọ̀ ọ́, mo wá pàṣẹ fún agbálẹ̀ pé kó gbálẹ̀ báyìí. Mo yọ ìka.

Ó ṣubú. Níwájú mi. Ìlà kan ṣoṣo yẹn, bó ti kọ ọ́ sílẹ̀ níbi tí ọmọ wà. Mo pariwo ayọ̀, gbogbo ọ́fíìsì wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti yí.

Mo ṣí kóòdù tèmi ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó wà ní ilé ìwòsàn. Ìlà kan ló sọnù. Ní tèmi, mo so ìpèpadà mọ́ orúkọ kan kí n tó fi àdírẹ́sì rẹ̀ lé C lọ́wọ́. Kò sí ibòmíràn tí mo ti pe orúkọ náà mọ́. Ó kàn jókòó. Ẹni tó ń gbálẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì rí i pé kò ṣe nǹkan kan, ó yọ ọ́, ó fi ìpèpadà lé C lọ́wọ́ tààrà. Agbálẹ̀ inú ẹ̀rọ ò sì rí ọwọ́ C. Lójú tirẹ̀, kò sí ẹni tó di nǹkan náà mú, ó gbá a lọ. C wá ń pe àdírẹ́sì ilé tí wọ́n ti wó. Orúkọ tó jókòó lásán yẹn ló di gbogbo wa mú.

Afínjú ti dé ẹ̀yìn mi, ó ń kà á. Mo gbọ́ nígbà tí èémí rẹ̀ dúró. "Àǹtí, èmi ni mo yọ ọ́."

Mo mọ̀. Èébú ti kún ẹnu mi, èyí tó dáa, èyí tó máa dun èèyàn dé egungun. Mo rántí bó ṣe ń nu bọ́tìnì, mo fẹ́ gba sípírítì yẹn kí n dà á lé e lórí. Mo yíjú, ojú rẹ̀ ti rọ, ó ń bi mí pé ṣé ọmọ kankan ti... kò parí rẹ̀. Mo ní rárá. Mo ní kó gbé àga rẹ̀ wá.

A jọ tún un ṣe ni. Mo so ìpèpadà mọ́ ohun tó ń mú okùn àárín wa àti C dání, tó jẹ́ pé níwọ̀n ìgbà tí okùn bá wà, òun náà á wà. Afínjú ló wá mú èkejì wá: bí apá àkọ́kọ́ bá ti dákẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, kí ojú tẹlifíṣọ̀n pọ́n, kí agogo máa dún títí èèyàn á fi wá. Kó má gbé nọ́ńbà àtijọ́ dání mọ́ láé. Ó yẹ kí èmi ti rò ó láti ọjọ́ kìíní. Inú bí mi sí i, inú bí mi sí ara mi, mo sì jẹ búrẹ́dì tó pín fún mi.

Ọjọ́bọ̀, 26 Òkúdù

Mo kọ̀ láti gbé e lọ lónìí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Òkúdù

Lẹ́yìn ìròyìn kọ̀ọ̀kan la ní kí agbálẹ̀ gbálẹ̀, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kò ṣubú. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ wá ki ìka bọ̀ ọ́, kò sọ̀rọ̀ iná mọ́. Nígbà tí ìgbálẹ̀ ọ̀sán dé, kò sẹ́ni tó fẹ́ gba kóòdù mi. Mo ṣí i, mo rí i pé Afínjú ti kọ nǹkan sókè ìlà yẹn: "Ẹ má fọwọ́ kan èyí. Ọmọ wà lórí rẹ̀."

Ọjọ́ Ajé, 30 Òkúdù

Mo gbé e dé wọ́ọ̀dù. Ìyá Wọ́ọ̀dù ò gbọ́ àlàyé mi tán tó fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó fa wáyà ẹ̀rọ yọ lára ògiri. Ojú tẹlifíṣọ̀n pọ́n, agogo dún, nọ́ọ̀sì méjì sáré forí gbárí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n." Ó ki wáyà padà.

Àbúrò mi wà lórí àga rọ́bà. Ó wò ó, kò yọ ọwọ́ lára ọmọ. Mo kí i, ó dá mi lóhùn, ó tán síbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 3 Agẹmọ

Òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án, èyí tí kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Mo wà ní ìdí tẹlifíṣọ̀n, mò ń wò ó bóyá ó ń dá dúró. Àbúrò mi ti lọ fún wàrà ọyàn sínú ife fún ọmọ.

Agogo dún.

Ohun tí mo máa kọ yìí, mi ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ó ṣiṣẹ́. Inú mi dùn. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn, kí n tó ka nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì.

Bẹ́ẹ̀dì Kẹfà. Àádọ́rin. Ọgọ́ta ó lé méjì. Méjìléláàádọ́ta.

Nọ́ọ̀sì ti dé ibẹ̀ kí n tó yí ọrùn. Ó ń fi ìka rá àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń pè é, Ìyá Àgbà, Ìyá Àgbà, dìde. Kò dìde. Ó ti ń dúdú ní ètè. Ìyá Wọ́ọ̀dù dé, ó tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni ti àga, ó gbé nǹkan kékeré kan bo imú àti ẹnu ọmọ, ó ń fi ìka méjì tẹ bàlúùnù rẹ̀, ó rọra ń tẹ̀ ẹ́, kò kánjú, ètè rẹ̀ ń mì. Agogo ń dún. Òjò ń rọ̀. Mo rí àbúrò mi lẹ́nu ọ̀nà, ife lọ́wọ́, kò wọlé, kò padà. Mo gbàgbé gbogbo ohun tí mo mọ̀. Mo ń wo àyà ọmọ, mo ń sọ fún un pé kó jọ̀ọ́, kó jọ̀ọ́.

Ó sín. Àbí ikọ́ ni. Ó fajú ro, ó ká ẹsẹ̀ kò, ó ké, ohùn kékeré tí inú ń bí. Nọ́ńbà ń gòkè padà. Agogo dákẹ́ fúnra rẹ̀.

Ìyá Wọ́ọ̀dù nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú èjìká. Ó ní àwọn ọmọ wọ̀nyí máa ń gbàgbé láti mí, wọ́n kàn máa ń gbàgbé ni, kí ẹnì kan ti wà níbẹ̀ láti rán wọn létí ni gbogbo rẹ̀. Ó ní nọ́ọ̀sì tó ń rìn yípo wà ní Bẹ́ẹ̀dì Kìíní nígbà tí agogo dún. Òjò ì bá má jẹ́ kó gbọ́ ẹ̀rọ ẹsẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ iye aṣọ tí wọ́n fọ̀, ó sì lọ wẹ ọwọ́.

Àbúrò mi wọlé, ó gbé ife kalẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ ihò àpótí. Lẹ́yìn ìgbà tó pẹ́, ó ní kí n bá òun ra omi wá. Mo lọ rà á. Mo dúró sínú òjò kí n tó padà, kí n lè gbọ̀n dáadáa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Agẹmọ

Ó ti ń mu ọyàn fúnra rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kan bẹ́ẹ̀dì kékeré kan fún un nílé, tí odidi ọmọ ọdún mẹ́ta lè sùn sí. Agogo ò tíì dún fún Bẹ́ẹ̀dì Kẹfà mọ́. Mo ṣì ń lọ lójoojúmọ́ lọ wò ó pé kì í ṣe pé ó ti kú ni kò fi dún.

Ọjọ́bọ̀, 10 Agẹmọ

Dókítà ní kí wọ́n yọ ẹ̀rọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n wò ó bó ṣe máa ṣe láìsí i. Àbúrò mi bi mí, ọ̀rọ̀ tó gùn jù tó bá mi sọ láti ọjọ́ yẹn, pé ṣé mi ò lè ṣe irú rẹ̀ fún òun nílé ni. Ó wù mí kí n sọ pé mo lè ṣe é. Mo lè ṣe é. Mo ní rárá, dókítà ní ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Ó ní, "Ta ló wá máa sọ fún wa?" A jọ jókòó síbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Agẹmọ

Wọ́n ti dé ilé. Ojú ọjọ́ mọ́, gbogbo fèrèsé ṣí sílẹ̀, aṣọ ọmọ kún okùn. Bàbá ọmọ ń rẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì yẹn kúrú nínú ṣọ́ọ̀bù. Àbúrò mi gbé ọmọ ká ilé láti àárọ̀, kò gbé e kalẹ̀, kò gbé e fún ẹnikẹ́ni, kódà bàbá rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti kó sínú. Mo fọ àwo, mo gbálẹ̀, mo dáná, mo tún àwo tó mọ́ fọ̀. Ní ọ̀sán, mo ní kí n máa lọ.

Ó wá dúró níwájú mi. Ó wò mí lójú, ó gbé ọmọ lé mi lápá, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe.

"Ẹ gbà á," ó ní. "Mo fẹ́ sùn."

Ó lọ dùbúlẹ̀ lórí àga gígùn, ó kọjú sí ògiri. Kò pẹ́ tó fi ń hanrun. Ìyá Àgbà wúwo ju bí mo ṣe rò lọ, ara rẹ̀ ń gbóná, ó máa ń mí, á dúró díẹ̀, á tún mí, gbogbo ìgbà tó bá sì dúró ni èmi náà ń dúró. Ẹ̀rù ń bà mí bí kò ṣe bà mí rí. Ẹsẹ̀ mi ti kú, ìkòkò wà lórí iná, mi ò sì lè pe bàbá rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ èyí, nítorí apá ọ̀tún mi ni orí rẹ̀ wà, mi ò sì fẹ́ kí èyíkéyìí nínú wọn jí.